Bí Ẹ̀rọ Ṣe Lè Dá Ojú Ère Mọ̀

Nítorí àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún ńlá ti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1977 ni a ṣe kọ́ Festac Town, tí ó wà ní Amùwó-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó. Ojú Idia, ìyá ọba Bìní, tí a fi eyín erin gbẹ́, ni àmì àjọ̀dún náà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó ère yìí lọ ní ọdún 1897. Nígbà tí British Museum kò sì gbà láti yá Nàìjíríà, oníṣẹ́ ọnà kan ní Bìní gbẹ́ irú rẹ̀ mìíràn.

Ọmọ tí ó bá ti rí ojú yìí rí yóò dá a mọ̀, ìbáà wà lóòró, ìbáà dùbúlẹ̀. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ni àwòrán lásán ń gbà sílẹ̀. Bí a bá yí ère díẹ̀, òjìji a yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ẹ̀rọ sì lè ṣì í mú.

Kámẹ́rà kan wà tí kì í ṣe àwọ̀ ni ó ń kọ sílẹ̀, bí kò ṣe bí ibi kọ̀ọ̀kan ti jìnnà sí i tó. Irú rẹ̀ wà nínú Kinect, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2010. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ère, ìwọ̀n wọ̀nyí pẹ̀lú yóò yí padà. Nítorí náà, ara ère fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti máa wọn nǹkan.

Ní ọdún 1999, Andrew Johnson àti Martial Hebert ṣe àlàyé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní spin image. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú inú wo abẹ́rẹ́ tí a gún sí góńgó imú ère, tí ó dúró ṣánṣán. Ẹ̀rọ yóò wọn ohun méjì fún gbogbo ibi tí ó yí i ká: bí ibẹ̀ ti jìnnà sí abẹ́rẹ́ náà tó, àti bí ó ti ga tàbí tí ó rẹlẹ̀ tó sí ìdí rẹ̀. Bí ère bá yí, abẹ́rẹ́ a bá a yí. Ìwọ̀n méjèèjì kò ní yẹ̀. Nítorí pé kámẹ́rà kò rí ẹ̀yìn ère, ibi púpọ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, kí èyí tí ó hàn lè tó láti fi dá a mọ̀.

Síbẹ̀, ọgbọ́n yìí ní ààlà. Ó lè sọ pé ojú Idia ni èyí. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ ọnà bá gbẹ́ irú rẹ̀ tí ìrísí méjèèjì dọ́gba, ìwọ̀n ìrísí nìkan kò lè sọ èyí tí a kó lọ ní ọdún 1897. Ìtàn ni a ó bi ní ìyẹn.