Lẹ́yìn Tó Bá Ti Jáwọ́

Ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù. Ẹni tó ti ń mu ọtí sódábì láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó wá ní òun ò mu ún mọ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, oorun ò ní kùn ún. Ara ẹlòmíràn á gan bí ti oníwárápá, ẹlòmíràn á máa rí ejò lára ògiri níbi tí a ò ti rí nǹkan kan. Ní ìlú Ìdáàṣà níbí, ní Benin, bí àwọn èèyàn bá ti rí i báyìí, wọ́n á ní àwọn ayé ló ń bá a jà, wọ́n á sì dè é mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ìdílé tó bá fẹ́ gbọ́ ni pé kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kó tó dáwọ́ ọtí dúró. Oògùn wà tí dókítà ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láìsí i, ìdáwọ́dúró òjijì lè pa ẹni tí ọtí ti wọ̀ lẹ́wù.

Ọjọ́ wọ̀nyí ń dẹ́rù bani lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni oṣù kẹta. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó ti ń jẹun, ó ti pa dà sí agboolé, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kóun ṣe fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń kà mọ́ ìlú wa. Àárín wọn ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey ń kó èèyàn lẹ́rú. Lónìí, àpáta náà ni àwọn ọmọ wa ń fọ́ tà. Tọkùnrin tobìnrin ló ń jókòó sínú oòrùn, wọ́n á máa fi òòlù fọ́ òkúta di wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Tó bá di alẹ́, ẹ̀yìn á máa ro wọ́n. Ìrora yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún trámádọ̀. Oògùn ìrora gidi ni, dókítà ń kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà lójú pópó sábà máa ń lágbára ju ti dókítà lọ. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà zémìjàn ń lò ó kó má bàa rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu ń lò ó kó lè kọ púpọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá yá, kò ní lè dìde lórí ẹní láìlò ó. Bó ṣe ń di bárakú nìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba ya wọ ọjà oògùn Adjégounlé ní Kútọnu, wọ́n sì kó oògùn ayédèrú tó pọ̀ gan-an. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti di ẹrú trámádọ̀ ṣì wà nílé, a sì ń rí wọn.

Ní ti sódábì, ilé wa ló ti wá. Ọmọ ilẹ̀ yìí kan láti ìdílé Sodabi, tó bá àwọn Faransé jagun àgbáyé kìíní, ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọtí lọ́hùn-ún, ó sì fi ẹmu ọ̀pẹ ṣe tirẹ̀ nígbà tó dé. Kò sí ìnáwó tí kì í dé mọ́. Níbi ìsìnkú kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti pa dà sídìí rẹ̀. Ó ti lo oṣù mélòó kan láìfẹnu kàn án, ó sì ti ń fọ́ òkúta padà. Wọ́n gbé ife yí ká, ó ní rárá. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní, “Ṣé ọ̀tá olóògbé ni ọ́ ni?” Gbogbo èèyàn yíjú wò ó. Ó gbà á, ó mu ún. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti mu ìgò tán.

Wọ́n ní òun náà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí bárakú oògùn ní Amẹ́ríkà sọ pé láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú ló máa ń tún ṣubú, èyí sì jọ bó ṣe ń rí fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée. A kì í lé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ru sókè jáde kúrò nílé. Ńṣe là ń mú un pa dà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ti trámádọ̀ tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ kò lè gbé iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ìbínú tàbí ìtìjú bá mú un gbé iye náà mì lẹ́ẹ̀kan, ó lè má jí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n má fi èébú lé ọmọ wọn síta lálẹ́.

Ohun tí mo ń wí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, l'Ábẹ́òkúta: àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́. Ọmọ Benin tiwa, Grégoire Ahongbonon, tó ń tún táyà ọkọ̀ ṣe ní Côte d'Ivoire, dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀ ní Bouaké ní ọdún 1991. Ó ń tú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú kúrò nínú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi dè wọ́n mọ́ igi. Ìtọ́jú náà ti dé Benin. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ló ti jẹ́ aláìsàn rí. Ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá mọ ibi tó ń ro ẹni.

Ohun tí Bill Wilson, ọ̀mùtí kan tó ti jáwọ́, náà rí nìyẹn ní ìlú Akron, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1935. Òùngbẹ ọtí ń gbẹ ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Dípò kó wọ ibi tí wọ́n ti ń mutí, ó gbé tẹlifóònù, ó ń wá ọ̀mùtí mìíràn tí wọn yóò jọ sọ̀rọ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Bob Smith, ni wọ́n mú un mọ̀. Láti ìdí ìjókòó àwọn méjèèjì ni Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, ti tàn ká ayé.

Ní àgbàlá mi, lẹ́sẹ̀ òkè, àwọn díẹ̀ máa ń wá jókòó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Ó ti jáwọ́ padà. Tíì ni wọ́n ń mu. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń parí sí. Ẹni tó bá gbowó iṣẹ́ á fún ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa mọ́, torí ọjọ́ owó ló ń ṣòro jù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí i lóru mọ ilé ẹni tóun lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo tún ń lọ bá àwọn olórí ẹbí pé níbi ìnáwó, kí wọ́n máa gbé ife omi tẹ̀ lé ti sódábì, kí ẹni tó bá mú omi má sì jẹ́ ẹni ẹ̀gàn. Àwọn kan kọ̀, wọ́n ní mo fẹ́ ba àṣà jẹ́. Bàbá kan tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ ló dá wọn lóhùn: “Tí a bá ń wúre, omi tútù la kọ́kọ́ ń ta sílẹ̀ kí ọtí tó kàn. Ta ló wá sọ pé omi ò tó?” Láti ìgbà náà, agboolé rẹ̀ ń gbé omi.

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń wá sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo nílùú wa, àwọn kan nínú wọn sì ń tọrọ ìwòsàn fún ọmọ tí ọtí tàbí oògùn ti mú. Èmi náà ń kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá pa dà délé tí kò ríṣẹ́ ṣe, tí wọ́n ṣì ń pè é ní ọ̀mùtí níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, a jẹ́ pé a ò ran àdúrà wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá káfíntà, ẹ̀yin mekáníìkì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ibi òkúta, iṣẹ́ ló ṣòro jù fún àwọn tó ti jáwọ́ láti rí. Ẹ gba ẹnì kan lára wọn lọ́dún yìí. Bó bá ṣubú, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ kí ẹ tó lé e.