Òǹwòran Ìkálẹ̀ àti Sinimá Onítàn-Méjì: A Deusa Negra

Ìtàn méjì ni Ọlá Balógun hun pọ̀ nínú A Deusa Negra, sinimá tí ó darí ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní 1978. Èkíní ni ti Ọlúyọ̀lé, ọmọ ọba tí a tà lẹ́rú ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Èkejì ni ti Babátúndé, tí bàbá rẹ̀ rán láti Nàìjíríà lọ wá ẹbí wọn tó kù lóhùn-ún. Orúkọ Babátúndé fúnra rẹ̀ ti sọ bí a ó ti ka ìtàn náà.

Bí sinimá náà ti ń ti inú ìjọsìn òrìṣà bọ́ sí ayé Ọlúyọ̀lé, àwọn kan yóò pè é ní ọgbọ́n ìsọ̀tàn lásán. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ará Òkìtìpupa wò ó. Ó mọ Ayélála, tí J. O. Awólàlú kọ nípa rẹ̀ ní 1968: ẹrúbìnrin tí a fi rúbọ láti parí ìjà tí ọ̀ràn àgbèrè dá sílẹ̀ láàárín Ìlàjẹ àti Ìjọ̀. Kò jẹ̀bi ohunkóhun. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ó di òrìṣà tí ń fìyà jẹ olè àti elékèé, tí a sì ń fi búra ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Lójú irú òǹwòran bẹ́ẹ̀, ẹrú tó kú kò tíì kọjá lọ. Ó ṣì ń dájọ́.

Nínú Babel (2006), ìbọn kan ni ó so Mòrókò, Jàpáànù àti Mẹ́síkò pọ̀, èèṣì sì ni. Níhìn-ín, Yemọja ni ó so wọ́n, gbèsè sì ni. Èdè Potogí ni yóò dí òǹwòran Ìkálẹ̀ lọ́wọ́; ìrìn láàárín òkú àti alààyè kò ní dí i.