Àdán Lóru, Àdàbà Lówùúrọ̀

Ní aṣálẹ̀ Sonora, tó nà láti ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà wọ ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá nínú oṣù karùn-ún. Òjò ńlá di oṣù keje. Koríko ti gbẹ, ọ̀pọ̀ igi kéékèèké ti gbọn ewé dànù. Àsìkò yìí gan-an ni saguaro ń pín omi fáyé. Cactus gíga ni, kò léwé, ẹ̀gún ló bò ó láti ìdí dé orí. Ó lè ga ju mítà 12 lọ, ó sì lè lo ọdún 150 láyé. Omi tó fà sára nígbà òjò ló fi ń gbé ara ró. Síbẹ̀, nígbà tí omi wọ́n jù lọ, ó ń da oje dídùn sínú òdòdó fún ohunkóhun tó bá lè fò débẹ̀. Nínú gbogbo ohun ọ̀gbìn tí mo mọ̀, n kò tíì rí èyí tí ìnáwó rẹ̀ yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Owó iṣẹ́ ni. Igi kò lè rìn, bẹ́ẹ̀ lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó, èyí tó jẹ́ ti akọ, gbọ́dọ̀ kan abo kí èso tó lè so. Saguaro kì í sì í gba ti ara rẹ̀, àfi kó ti ara saguaro mìíràn wá, ìyẹn sì lè wà ní òkè kejì. Àkókò náà tún kúrú. Òdòdó funfun náà máa ń là lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ó sì ti padé nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ kejì bá fi rọ̀. Kì í là mọ́ láéláé.

Àdán ló ń kọ́kọ́ dé. Leptonycteris yerbabuenae ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ, imú rẹ̀ gùn, ahọ́n rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun bí irun wẹ́wẹ́ sì wà ní ṣóńṣó ahọ́n náà tí oje fi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn abo tó lóyún ni wọ́n ń rin ìrìn-àjò wá síbẹ̀. Láti àárín gbùngbùn Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n á fò ju kìlómítà 1,000 lọ sí ìhà àríwá, wọ́n á máa tẹ̀ lé òdòdó bó ṣe ń là. Nínú ihò àpáta ni wọ́n ń bímọ sí, lásìkò tí saguaro ń tanná. Àwọn tó ń gbé erékùṣù Tiburón máa ń ré òkun kọjá lálẹ́ kí wọ́n tó rí oúnjẹ ní agbègbè Bahía Kino. Ìrìn òru kan lè tó kìlómítà 100, lọ àti bọ̀. Abiyamọ tí ọmú rẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ ni ẹ ń wò yẹn. Á ti orí bọ òdòdó, á lá oje kíá, á yọ orí jáde. Lẹ́búlẹ́bú á ti kun ojú àti ọrùn rẹ̀, òdòdó tó tún kàn ni yóò rù ú lọ.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, àdàbà á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àdán. Àdàbà yìí ní ìlà funfun lápá. Orí òdòdó ló ń bà lé, á ki ẹnu bọ̀ ọ́, ohun tó rí mu níbẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ àti omi fún un. Oyin náà ń bá wọn ṣe é. Ní agbègbè Tucson, níhà àríwá, àdàbà àti oyin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, nítorí àdán kì í pọ̀ níbẹ̀ nígbà òdòdó. Ní gúúsù, iṣẹ́ àdán hàn gbangba. Àwọ̀ funfun àti lílà lóru fi hàn pé àdán ni òdòdó náà ń retí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò padé ní kùtùkùtù? Èrò tèmi ni pé àlejò tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ lè má dé, saguaro kò sì lè fi gbogbo ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ ẹnì kan.

Ocotillo, ohun ọ̀gbìn mìíràn ní aṣálẹ̀ náà, kò dúró de òru ní tirẹ̀. Òdòdó pupa gígùn tóóró ló ní, tí àwọn ẹyẹ tíntìntín tí òyìnbó ń pè ní hummingbird ń fi ẹnu gígùn fa oje rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọjá lọ sí àríwá.

Nínú oṣù kẹfà ni èso saguaro ń pọ́n. Àdàbà tó mu oje náà ló tún ń jẹ ẹ́. Àwọn ẹ̀yà Tohono O'odham máa ń fi ọ̀pá gígùn, tí wọ́n fi egungun saguaro gbígbẹ ṣe, já a lulẹ̀. Wọ́n ń fi pọn ọtí tí wọ́n fi ń tọrọ òjò.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni èyí, kó wo inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Igi irúgbá tí a ń rí irú lára rẹ̀, àdán ló ń tọ òdòdó pupa róbótó rẹ̀ lọ lóru.

Ká padà sí Mẹ́síkò: àdán mìíràn wà níbẹ̀ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù. Nítorí rẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń ti iná bọ ihò àpáta, tí wọ́n sì ń pa èyí tó ń lá òdòdó mọ́ ọn. Nígbà tí Amẹ́ríkà kọ orúkọ àdán tó ń lá òdòdó yìí mọ́ àwọn ẹran tó fẹ́ parun ní 1988, àwọn tí wọ́n mọ̀ pé ó kù kò tó 1,000. Rodrigo Medellín, onímọ̀ ọmọ Mẹ́síkò, fi ọ̀pọ̀ ọdún dáàbò bo ihò wọn, ó sì ń la àwọn ará abúlé lọ́yẹ̀. Ní Arizona, àwọn tó ń gbé omi ṣúgà kọ́ fún hummingbird rí i pé àdán ń wá mu ún lóru, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Ní 2018, nígbà tí iye wọn ti tó nǹkan bí 200,000, Amẹ́ríkà yọ orúkọ náà kúrò.

Agave, tí àdán yìí náà ń mu oje rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń ṣe ọtí tẹ̀kílà, ló ṣì kù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tanná kó tó kú, àgbẹ̀ sì ń gé e kó tó tanná kí ṣúgà má bàa tán lára rẹ̀. Ọmọ ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn, nítorí náà gbogbo oko jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, àrùn kan ṣoṣo sì lè ká gbogbo rẹ̀ lọ. Medellín àti àwọn apọntí kan ti fohùn ṣọ̀kan pé kí àgbẹ̀ fi ìdá 5 nínú 100 sílẹ̀ kó tanná. Ó kéré lójú mi. Ṣùgbọ́n àdán ń rí oje níbẹ̀, irúgbìn tó ní bàbá àti ìyá sì tún ti ń jáde nínú oko agave.