Kilarínẹ́ẹ̀tì: Fèrè Àjèjì Tó Gbọ́ Èdè Onílé

Iṣẹ́ ìṣírò owó ni mò ń ṣe, kì í ṣe orin. Ṣùgbọ́n àwọn ará Tọ́kì wà lára àwọn oníbàárà mi ní London níbí, wọ́n sì máa ń pè mí síbi ìgbéyàwó wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ pé kilarínẹ́ẹ̀tì, fèrè tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé, lè dún bíi pé ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti bí i. Mo wádìí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Jámánì ló ti ṣẹ̀ wá. Johann Christoph Denner ló ṣe é ní ìlú Nuremberg, ní nǹkan bí ọdún 1700. Igi gígùn tó ní ihò ni, pẹ̀lú àwọn irin tí à ń fi ìka tẹ̀. Ahọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n gé lára esùsú. Bí ahọ́n yìí bá ti ń gbọ̀n ni ohùn ń jáde.

Báwo ló wá ṣe dé Tọ́kì? Ọ̀nà ológun ló gbà. Ní 1826, Sultan Mahmud Kejì tú àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Janissary ká, tìlù tìfèrè wọn. Ní 1828, ó pe ará Ítálì kan, Giuseppe Donizetti, kó wá kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun ní orin Yúróòpù. Irú ẹgbẹ́ olórin ológun báyìí ni kilarínẹ́ẹ̀tì ti bọ́ sí ìgboro. Ní ọ̀rúndún 19 yẹn náà ló tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Gíríìsì àti káàkiri àdúgbò Balkan.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbà á? Fèrè kan tó ń jẹ́ zurna ni wọ́n ń fọn níbi ìnáwó tẹ́lẹ̀. Zurna yìí àti algaita àwọn Hausa, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ó dáa níta gbangba, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọn ọ́n nínú yàrá, etí yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ di! Kilarínẹ́ẹ̀tì lè ké, ó sì lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àlàfo tó wà láàrin ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti tòkè sì pọ̀ ju ti zurna lọ dáadáa.

Ìṣòro kan ló kù. Dùùrù pín àlàfo tó wà láàrin do àti re sí méjì péré. Nínú ìlànà orin Tọ́kì, tó ń jẹ́ makam, ọ̀nà 9 ni wọ́n pín in sí. Báwo ni fèrè òyìnbó á ṣe rí àwọn ohùn àárín yẹn mú? Wọn ò pa orin wọn tì o, fèrè ni wọ́n tẹ̀ síbi tí wọ́n fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní G ni wọ́n yàn, ó gùn ju ti ilé ìwé lọ, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Albert, tí irin rẹ̀ kò pọ̀, ni wọ́n dì mú. Wọ́n ń fi ìka yọ̀ lórí ihò, wọ́n sì ń dẹ ètè, wọ́n ń fún un pọ̀. Ṣé ẹ mọ bí onígángan ṣe ń fún ọ̀sán mọ́ra kí ohùn lè yọ̀ lọ sókè? Iṣẹ́ tí apá rẹ̀ ń ṣe, ètè àti ìka ló ń ṣe é níbẹ̀.

Ní agbègbè Epirus, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ohùn márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń lò. Etí Yorùbá ò ní ṣàjèjì sí i, torí ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ tiwa náà, ohùn márùn-ún ni. Wọ́n ní orin arò kan tí wọ́n ń fi kilarínẹ́ẹ̀tì sun, wọ́n sì ní orin fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn tó lọ ìdálẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwa náà kọ́ nìyẹn?

Àwọn Roma ló pọ̀ jù nínú àwọn afunfèrè wọ̀nyí. Àwọn ènìyàn ń fojú tín-ín-rín wọn, síbẹ̀ ìgbéyàwó ò dùn láìsí wọn. Bíi ti ìdílé Àyàn, ọmọ ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá ni. Bẹ́ẹ̀ ni Selim Sesler (1957–2014) ṣe jẹ́, ọmọ Keşan ní Tọ́kì. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí! Ẹ ó rò pé Mushin lẹ wà. (Èmi oníṣirò, mi ò béèrè rìsíìtì o.)

Ṣùgbọ́n ẹnì kan jìyà nítorí fèrè yìí. Ivo Papazov, tí wọ́n bí ní 1952 ní Kardzhali ní Bulgaria, máa ń da orin Tọ́kì àti ti Roma pọ̀ mọ́ ti Bulgaria níbi ìgbéyàwó. Ìjọba Kọ́múníìsì ìgbà náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Láàrin 1984 sí 1985, wọ́n tún fi tipátipá yí orúkọ àwọn ará Tọ́kì tó wà ní ilẹ̀ wọn padà sí ti Bulgaria. Papazov ò jáwọ́. Ní 1989, ọdún tí olórí ìjọba yẹn ṣubú, àwo rẹ̀ *Orpheus Ascending* jáde nílẹ̀ òkèèrè. Ní 2005, ó gba àmì ẹ̀yẹ orin àgbáyé ti BBC Radio 3.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? I.K. Dairo gbé àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, kò sì sẹ́ni tó sọ pé jùjú ò kì í ṣe tiwa mọ́. Torí náà, bí ọmọ yín bá ti fi fèrè ilé ìwé ṣe ìdánwò tán, ẹ ní kó fi fun orin tí ìyá àgbà máa ń kọ. Orin Yorùbá ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ fun ún dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà. Kó sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ìjọba ló fipá gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn ti Bulgaria. Ta ló fipá mú àwa tí à ń gé tiwa kúrú?

Ó dìgbà kan ná. Ire o.