Ẹ̀gà Méjì Tó Jọra: Èwo Ló Ń Jẹ Ìrẹsì Wa?



Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé ìṣirò owó àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wò, pàápàá jù lọ àwọn tí ń gbin ìrẹsì, a sábà máa ń rí owó oògùn ẹyẹ, owó àwọn tí wọ́n háyà láti gé igi ẹ̀gà, àti owó ọta ìbọn. Owó gbogbo ẹgbẹ́ ni. Ó sì yẹ kí á mọ ẹni tí a ń bá jà kí á tó náwó sí ìjà, nítorí pé ẹyẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ẹ̀gà. Ọ̀kan ń jà wá lólè. Èkejì ń bá wa ṣọ́ oko láìgba owó ọ̀yà.

Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 15 sí 17 láti ẹnu dé ìrù. Àwọ̀ ìyeyè àti dúdú ni àwọn méjèèjì ní, àwọn méjèèjì ni ó sì ń hun ilé tí ń fì dirodiro. Bí ẹnì kan bá dúró lọ́nà jíjìn tí ó wí pé ọ̀kan náà ni wọ́n, a kò lè bá a wí.

Èkíní, tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè ní Ploceus cucullatus, ni a ó máa pè ní ẹ̀gà olórí dúdú níhìn-ín. Ní àsìkò tí ó ń kọ́lé, gbogbo orí akọ rẹ̀ dúdú títí dé ọ̀fun, bí ẹni tí ó fa fìlà abetí-ajá bo ojú. Ẹyinjú rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí tótòtó, dúdú àti àwọ̀ ìyeyè pọ̀ mọ́ra wọn. Èkejì ni Ploceus nigricollis, èyí tí a ó pè ní ẹ̀gà ọlọ́fun dúdú. Orí tirẹ̀ kò dúdú rárá, àwọ̀ ìyeyè ni. Ìlà dúdú kan ló gba ojú rẹ̀ kọjá bí ẹni lé tìróò tí ó fà á gùn jù, àmì dúdú kan sì wà lábẹ́ àgbọ̀n akọ. Ẹyinjú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tútù tí ó ti gbó, kò ní tótòtó kankan.

Ibi tí ó ti ń ta kókó ni ọ̀rọ̀ àwọn abo. Bí àsìkò ìkọ́lé bá sì ti parí, akọ olórí dúdú náà a bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀, a wá dà bí abo rẹ̀. Nígbà náà, ẹ wo ojú. Abo ọlọ́fun dúdú kò ní àmì lábẹ́ àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ìlà dúdú ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ gbọnin-gbọnin. Abo olórí dúdú kò ní in.

Ilé wọn gan-an ni ó rọrùn jù láti fi mọ̀ wọ́n, ènìyàn kò sì nílò ojú tó mú fún ìyẹn. Olórí dúdú fẹ́ràn èrò. Igi ńlá láàárín ìlú tàbí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé ni ó ń yàn, ilé rẹ̀ lórí igi kan sì lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Akọ ni ó ń hun ilé. Yóò bu etí imọ̀ ọ̀pẹ ṣán, yóò sì fò lọ kí ó lè fa á ya tẹ́ẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pẹ ṣe ń kù ní ọ̀pá lásán. Bí ó bá hun ún tán, a so rọ̀ lábẹ́ ẹnu ọ̀nà, a máa ju apá kí abo lè wá wò ó. Bí àwọn abo bá kọ ilé náà títí tí ó fi gbẹ, a tú u palẹ̀, a tún òmíràn hun. (Láàárín wọn, ẹ ó tún rí ẹyẹ dúdú kan tí ó ní àwọ̀ obì lẹ́yìn. Ẹ̀gà mìíràn nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò ṣì í mú.)

Ọlọ́fun dúdú kì í bá ọ̀pọ̀ èrò gbé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí létí igbó tàbí nínú oko kòkó, láìpariwo, pẹ̀lú ilé kan ṣoṣo tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gùn wálẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Ní ti oúnjẹ, olórí dúdú ni olè wa. Ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà ni ó ń wá, ó sì burú jù nígbà tí ìrẹsì bá ń gba omi, tí ọmọ rẹ̀ ṣì rọ̀ bí wàrà. Wọ́n kó irú rẹ̀ kúrò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé erékùṣù tí Haiti àti Dominican Republic wà, ó sì di ọ̀tá àwọn olóko ìrẹsì lọ́hùn-ún náà. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé pé kòkòrò ni òun fúnra rẹ̀ fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n kòkòrò àti aláǹtakùn ni oúnjẹ ọlọ́fun dúdú gan-an. Abẹ́ ewé ni ó ti ń tú wọn jáde. Ẹni tí ó bá gé igi létí oko nítorí ilé ẹ̀gà kan ṣoṣo, ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ni ó lé lọ.

Oògùn tí a pò mọ́ ọkà kò mọ olè yàtọ̀ sí aláìṣẹ̀. Àdàbà yóò jẹ ẹ́, adìẹ aládùúgbò yóò jẹ ẹ́, àparò yóò jẹ ẹ́, ẹnì kan yóò sì he àparò náà lọ sí ọbẹ̀. A kò lè fọwọ́ sí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó tọ́ sí owó ẹgbẹ́ ni àwọ̀n tí ọmọ ẹgbẹ́ lè máa yá lò, àti owó àwọn tí yóò máa lé ẹyẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ìrẹsì bá ń gba omi. Èyí tí kò tilẹ̀ ná wa ní kọ́bọ̀ ni pé kí á gbìn pọ̀. Bí ìrẹsì ẹnì kan bá yọ ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ti àwọn yòókù, gbogbo ẹ̀gà àdúgbò ni yóò rọ́ dé orí rẹ̀. Bí ti gbogbo wa bá yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní í pọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹnu kò lórí ọ̀sẹ̀ ìgbìn ṣáájú òjò, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí á lè rí i nígbà tí a bá dé.