Ojú Oórì àti Ìwé Ìròyìn Àtijọ́: Bí A Ṣe Lè Wá Àwọn Baba Ńlá Wa Rí

Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òkú kò jìnnà sí àwọn alààyè. Ẹni tó ń lọ sí kànga yóò gba ẹ̀gbẹ́ ibojì bàbá àgbà kọjá. Àwọn ọmọdé a máa sá aṣọ sórí ibojì ìyá àgbà, wọn a sì tún jókòó síbẹ̀ jẹ ẹ̀kọ nírọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ ni à ń rí àwọn ibojì wọ̀nyí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè sọ ju orúkọ kan ṣoṣo lọ nípa ẹni tó sùn sínú wọn. Láìpẹ́, orúkọ náà pàápàá lè lọ, nítorí pé ilé àtijọ́ ń wó, àwọn ọmọ ń pín ilẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe a máa da kọnkéré lé ojú oórì, a sì to táìlì lé e.

Ohun tí òkúta ibojì ń sọ kò pọ̀: orúkọ, ọjọ́ ikú, àti ọjọ́ orí nígbà mìíràn. Ọjọ́ ikú ni kí ẹ gbà gbọ́ jù. Ní ti ọjọ́ orí, ẹ rọra gbà á, nítorí pé lẹ́yìn ikú bàbá ni àwọn ọmọ jókòó ṣírò rẹ̀. Wọ́n á ní ó ti ń rìn nígbà ogun Ìjàyè, tàbí pé ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí nígbà ogun Kírìjì. Ogun Ìjàyè jà láti 1860 sí 1862, ṣùgbọ́n ti Kírìjì gùn láti 1877 títí di 1893. Ọmọ méjì tí wọ́n jọ pè ní ọmọ ìgbà Kírìjì lè fi ọdún 16 ju ara wọn lọ. Bí òkúta bá ní bàbá lo ọdún 115 láyé, ìfẹ́ àwọn ọmọ wà nínú ìṣirò náà.

Ibi tí ìwé ìròyìn àtijọ́ ti wúlò nìyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, ìròyìn ìbí, ikú àti ti ìjọ sì wà nínú rẹ̀ títí tó fi kógbá wọlé ní 1867. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìwé ìròyìn Èkó tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wá ìdílé rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ọdún 1920 sí 1930 ló dùn jù lójú mi: Èkó Akéte ti Adéoyè Dẹ́nígà, Elétí Ọfẹ ti Akíntàn, Yoruba News tí Dẹ́nrelé Ọbasá ń tẹ̀ ní Ìbàdàn, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas. Àwọn olóòtú wọ̀nyí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ènìyàn. Wọn a sọ ẹni tó rìnrìn àjò, ẹni tó ṣègbéyàwó, ẹni tó jáde láyé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún kan ṣe àpẹẹrẹ ohun tí òkúta àti ìwé lè jọ ṣe. Ká ní ibojì mẹ́ta wà nínú ọgbà kan ní Abẹ́òkúta, tí gbogbo wọn jẹ́ ti 1918. Ọdún líle ni. Ní oṣù Kẹfà ni ogun Adúbi bẹ́ sílẹ̀ nítorí owó orí tuntun. Ní oṣù Kẹsàn-án, àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà tó ń jà káàkiri ayé gba inú ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin wọ àwọn ìlú òkè. Bí òkúta bá sọ oṣù Keje, ìbéèrè kan nìyẹn. Bí ó bá sọ oṣù Kẹwàá, tí ọjọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì síra wọn, ẹ lọ ṣí ìwé ìròyìn oṣù náà, kí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wọn.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Nítorí pé ìdílé kì í jẹ́ kí ikú mẹ́ta lọ láìní ẹlẹ́bi. Ẹnìkan ni wọ́n máa ń dì í rù, obìnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà: ìyàwó tó dé kẹ́yìn, tàbí àǹtí tí kò bímọ. Wọ́n á ní òun ló pa wọ́n jẹ. Ọ̀rọ̀ náà a di ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ àti ọmọ ọmọ, ó sì lè di ìdí tí a fi ń sọ pé a kì í fẹ́ ọmọ ilé báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta lára òkúta àti ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn lè tú obìnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Orúkọ ni ìdènà tó tóbi jù. Kí ọdún 1890 tó wọlé, orúkọ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ Sàró ń jẹ́, kí àwọn kan tó pa á dà. David Brown Vincent di Mojọlá Àgbébí ní 1894. Jacob Henry Samuel ni Adégbóyèga Ẹ̀dun tó di akọ̀wé ìjọba Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá ń wá Àgbébí nínú ìwé ìròyìn ọdún 1885 yóò ṣe wàhálà lásán. Ìkọ̀wé àtijọ́ náà tún wà níbẹ̀: Ilesha, Oshogbo, Offa, aiye, enia, tí àmì ohùn kò sì sí. Ṣówándé lè di Sowande lónìí, kó di Showande lọ́la. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnìkan náà ni; ẹ fi ojú ara yín kà á.

Àwọn obìnrin ló máa ń ṣòro jù láti rí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa láyé àtijọ́, wọn kì í sin ìyàwó sí ilé ọkọ. Ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ padà sí. Ẹ béèrè ilé tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, kí ẹ sì fi orúkọ àbísọ rẹ̀ béèrè rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ilé ọkọ nìkan ló ti ń jẹ́ Ìyá Lágbájá. Ìwé ìròyìn kò sàn jù, orúkọ ọkọ ló sábà máa ń fi dárúkọ aya. Ẹ tún rántí pé nínú ìkéde ikú, ẹni tó sanwó ló ń sọ̀rọ̀. Bí orúkọ ọmọ ìyàwó kejì kò bá sí níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò bímọ.

Ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí Kenneth Dike dá sílẹ̀, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Inú ọgbà kan náà ni ilé ìkàwé tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ wà. Àwọn tó wà ní London lè gba British Library lọ. Ẹ mú ọjọ́ ikú dání. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì wo ọjọ́ náà ní ọdún kejì, nítorí ìkéde ìrántí.

Ní ti ibojì fúnra rẹ̀, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ya àwòrán rẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Lẹ́tà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ yóò yọ. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Bí ó bá jẹ́ itẹ́ òkú gbogbogbò, ẹ má ronú pé yóò dúró dè yín. Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sí nígbà tó kú ní 1891, ìjọba sì wó ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n kó egungun Crowther lọ sí Kàtídírà ní Marina. Ọ̀pọ̀ òkúta yòókù ni a kò rí mọ́.

Bí àwọn àgbà bá fura sí yín, wọ́n ní ìdí. Ojú oórì jẹ́ ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ọmọ tó sì dé láti ìdálẹ̀, tó ń fi fóònù ya ibojì kiri, ó jọ ẹni tí lọ́yà rán. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí ẹbí, kí ẹ ṣàlàyé ara yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìyá tó dàgbà jù nínú ilé, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó mú yín rìn yí agbo ilé ká. Àwọn ibojì kan wà tí kò ní òkúta. Òmíràn jẹ́ ti Mùsùlùmí, òmíràn ti ọmọdé. Òmíràn sì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n kó lójú ogun, tó di ará ilé, tó bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ ìdílé títí dòní. Ìwé ìròyìn kankan kò kéde ikú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ìyá bá dákẹ́ níbẹ̀, ẹ má fi ipá mú un sọ̀rọ̀. Ibi tó bá fi ọ̀pá tọ́ka sí ni kí ẹ sàmì sí lórí ìwé yín, kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tuntun lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀.