Ọwọ́ Ayàwòrán Lára Nẹ́gátíìfù

Nẹ́gátíìfù ni fíìmù tàbí bébà tí ìmọ́lẹ̀ ti bá ṣiṣẹ́ nínú kámẹ́rà, tí kẹ́míkà sì ti mú àmì rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n tí dúdú ti di funfun tí funfun sì ti di dúdú lára rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí irun ẹni tí wọ́n yà fi ń funfun bí òwú, tí eyín rẹ̀ sì ń dú bí èédú. Èyí tó pẹ́ jù lọ tó ṣì wà láyé ni èyí tí William Henry Fox Talbot fi ya fèrèsé ilé rẹ̀ ní Lacock, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1835. Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà fíìmù, oníbàárà ló ń gbé fọ́tò lọ sílé, nẹ́gátíìfù a sì kù sínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán, nítorí pé òun ni wọn yóò fi fọ òmíràn bí ẹbí bá padà wá béèrè. Báyìí ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ṣe di ibi tí ìrísí odidi àdúgbò wà ní ìpamọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀.

Àtúnṣe àwòrán kò dúró de kọ̀ǹpútà. Ayàwòrán a máa fi pẹ́ńsù tó mú ṣonṣo kun ojú nẹ́gátíìfù níbi tí òjìji bá ti bo ojú oníbàárà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráàyè kọjá níbi tí pẹ́ńsù bá bò, ibẹ̀ a sì mọ́ sí i lórí bébà. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní ọdún 1978, ṣàlàyé ọgbọ́n kan tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti papò dà kí wọ́n tó ya fọ́tò, ayàwòrán a ya èyí tó kù, a sì fọ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí àwọn ìbejì náà bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n a wọ aṣọ èkejì fún èyí tó kù, wọ́n a sì tún un yà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé lé ère ìbejì lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni bébà yìí wá ń ṣe, èyí tó fi hàn pé yàrá òkùnkùn ayàwòrán kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò lásán.

Nígbà tí kámẹ́rà tí kò lo fíìmù gbòde, ọ̀pọ̀ ayàwòrán da nẹ́gátíìfù wọn nù tàbí kí wọ́n dáná sun ún. Ìdí nìyí tí Karl Ohiri àti Riikka Kassinen fi dá Lagos Studio Archives sílẹ̀ ní ọdún 2015 láti gba èyí tó kù sílẹ̀, lára rẹ̀ sì ni iṣẹ́ Abi Morocco Photos, ṣọ́ọ̀bù tí John àti Funmilayo Abe, tọkọtaya, ń ṣe ní Ṣógúnlẹ̀, ní Èkó, láti àwọn ọdún 1970 títí di 2006, èyí tí wọ́n pàtẹ ní gbọ̀ngàn àfihàn Autograph ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2024. Ní Mali pẹ̀lú, nẹ́gátíìfù Tijani Sitou, ọmọ Ṣakí tó di ayàwòrán ìlú Mopti, wà lára èyí tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà ní Bamako.

Kíkó fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe nǹkan àná: ọdún 1957 ni Russell Kirsch, ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí à ń pè ní skánà ka fọ́tò ọmọ rẹ̀ jòjòló sínú kọ̀ǹpútà, tí àwòrán náà jẹ́ tóótòòtó (píksẹ́lì) 176 ní ìbú àti 176 ní òró. Lónìí, skánà orí tábìlì tó ń tan iná gba inú fíìmù kọjá lè fa nǹkan bíi mílíọ̀nù méje ààbọ̀ tóótòòtó yọ lára nẹ́gátíìfù kékeré kan tí kò ju mìlímítà 24 sí 36 lọ. Ẹni tó wà ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, lọ́nà Ọ̀tà sí Ìdírokò, tí kò ní irú skánà bẹ́ẹ̀, lè tan ojú fóònù kan ní funfun, kí ó fi ike funfun fẹ́lẹ́ lé e, kí ó tẹ́ nẹ́gátíìfù sórí rẹ̀, kí ó sì fi kámẹ́rà yà á, lẹ́yìn náà kí ó ní kí kọ̀ǹpútà dá dúdú àti funfun padà sí àyè wọn. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá nẹ́gátíìfù àkọ́kọ́: páálí tó bá ń ta òórùn bíi fínígà nígbà tí wọ́n ṣí i ti fi hàn pé fíìmù inú rẹ̀ ti ń jẹrà, èyí tó bá sì ti hùkasi kò yẹ kí ó kan omi, nítorí pé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé àwòrán dúró lè ṣí kúrò.

Eruku ni wàhálà kejì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti lọ́jú pọ̀. Àwọn skánà kan ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí wá eruku, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yìí ń gba inú àwọ̀ fíìmù aláwọ̀ mèremère kọjá, eruku nìkan ló ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n fàdákà tó wà lára fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ń dá a dúró bákan náà, ẹ̀rọ a sì ka àwòrán fúnra rẹ̀ sí ìdọ̀tí. Ọwọ́ ni wọ́n wá ń fi pa àbàwọ́n irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rẹ́, ọwọ́ tí kò sì mọ pẹ́ńsù yàtọ̀ sí ìfarapa fíìmù yóò pa iṣẹ́ ayàwòrán rẹ́ mọ́ ọn. Ó sàn kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn lọ́tọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kí wọ́n sì ka fọ́tò orí bébà náà mọ́ nẹ́gátíìfù rẹ̀ bí ó bá ṣì wà, nítorí pé lára nẹ́gátíìfù ìbejì tí Sprague ṣàlàyé, ọmọ kan ṣoṣo ni skánà yóò rí.